Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Ọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, ẹ gba ìkìlọ̀ kan lọ́wọ́ mi ná: ẹ má ṣe bá ẹni tí ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà kọ́ ọkọ̀ wíwà nínú mọ́tò kan ṣoṣo. Ẹ kọ́ ọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí mọ́tò méjì kò bá sí, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Èmi ti sọ tèmi.

Aṣọ ibùsùn kan ló wà láàárín àwọn obìnrin méjèèjì nígbà tí fóònù náà dún. Ní ilé ìfọṣọ tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọsibítù, ènìyàn méjì ló máa ń ká aṣọ ibùsùn pọ̀. Ọ̀kan á di igun méjì mú níhìn-ín, èkejì á di igun méjì mú lọ́hùn-ún, wọ́n á fà á kó le, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, ọwọ́ á kan ọwọ́, wọ́n á tún padà sẹ́yìn. Wọ́n ti ká tó ọgọ́rùn-ún láti àárọ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ ń rìn bọ̀ wá pàdé Ìyàwó nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrìrì lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ Ìyàwó, ni Ìyàwó bá jọ̀wọ́ igun tirẹ̀, aṣọ fífọ̀ bọ́ sórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ má bínú, ìyálé mi." Ó ki ọwọ́ bọ àyà, ó fa fóònù yọ, ó kọjú sí ògiri. "Ẹ káàárọ̀, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà, èmi ni. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Aago mẹ́wàá? Mo lè wá, sà. Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ìyá Jẹ́jẹ́ dúró, ó di igun méjì tirẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn di ewúrẹ́ mú kí wọ́n tó padà dé. Ó gbé ojú sókè wo aago ara ògiri. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Àwọn ará ilé ìfọṣọ ló sọ ọ́ ní Ìyá Jẹ́jẹ́. Bó bá ń ti ọmọlanke aṣọ kọjá, "jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́" ló máa ń wí fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, òun náà a sì máa rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Ìyàwó yìí, aya àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ti àbúrò lókè, ti ẹ̀gbọ́n nísàlẹ̀. Bí gbogbo ẹbí ṣe ń pè é ní Ìyàwó ni ilé ìfọṣọ náà ṣe gbà á. Ìyá Jẹ́jẹ́ ló mú un wá síbi iṣẹ́ yìí. Òun náà ló mú un lọ sọ́dọ̀ tíṣà tó ń kọ́ wọn lọ́kọ̀. Ẹ rántí ìyẹn o, torí òun náà kò gbàgbé.

"Wọ́n ti fún mi lọ́jọ́ ìdánwò ọkọ̀," ni Ìyàwó wí. Ó ń gbìyànjú kí ẹ̀rín má yọ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kún ojú. "Ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú àwọn tí tíṣà wa ń kọ́ ló ṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí àyè yẹn ṣòfò, àwọn ń pe àwa tí a jọ wà lábẹ́ tíṣà kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e ló ni ín."

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, ìyálé mi."

"Kú oríire," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Mú aṣọ yẹn nílẹ̀. A ó tún un fọ̀."

Nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ dúró láti jẹun, ó lọ síbi àpótí onírin tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kó ẹrù sí. Òfin Ọ̀gá Obìnrin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú fóònù wọ ibi iṣẹ́, láti ọjọ́ tí fóònù ẹnì kan ti bá aṣọ wọ inú ẹ̀rọ. Ó ṣí tirẹ̀. Ìpè kan tí a kò gbé: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Kò sí orúkọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà náà sórí bí ẹni mọ ọjọ́ ìbí ọmọ. Ilé iṣẹ́ ìdánwò ọkọ̀ ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló wà láàárín òun àti ọjọ́ ìdánwò náà. Oṣù mẹ́rìnlá ni òun ti wà lórí ìlà àwọn tó ń dúró de ìdánwò. Oṣù mẹ́ta ni Ìyàwó. Èrò pọ̀ lórí ìlà náà, olùdánwò méjì péré ló wà fún gbogbo ìlú, ọ̀kan sì ti ń ṣàìsàn láti ìgbà òjò. Ìyá Jẹ́jẹ́ ti fara mọ́ ọn. Ohun tí kò lè fara mọ́ ni kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fò ó kọjá nítorí pé ó tọ́jú fóònù sí àyà.

Ìdánwò lásán kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà o. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ilé ìfọṣọ, tó ń kó aṣọ láti ọsibítù kan dé èkejì, ń fẹ̀yìn tì ní òpin oṣù. Ọ̀gá Obìnrin ti dúró sí àárín ilé, ó ti sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́: òṣìṣẹ́ inú ilé tó bá kọ́kọ́ gbé láísẹ́ǹsì wá sórí tábìlì òun ló ni ọkọ̀ náà. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Jẹ́jẹ́ ti dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ. Ooru ẹ̀rọ náà ti jẹ́ kí iwájú ara rẹ̀ dúdú ju ẹ̀yìn lọ. Ó fẹ́ jókòó. Ó fẹ́ fèrèsé tó ṣeé yí sílẹ̀. Ó fẹ́ ilẹ̀kùn tí òun nìkan á máa ṣí, tí òun nìkan á máa tì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀.

"Àbúrò mi ti pè mí," ni ọkọ wí. "Inú rẹ̀ dùn débi pé mi ò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ."

"Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè."

"Kí ló dé tí o ò gbé e?"

"Òfin ni pé ká má mú fóònù wọlé."

"Òfin." Ọkọ fẹ́ èékánná kúrò lórí itan. "Ṣé òfin tí ìwọ nìkan ń pa mọ́ ni?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá èékánná náà jọ.

"Bó jẹ́ tìẹ, bó jẹ́ tirẹ̀, inú ilé kan náà ló wà. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ṣé o ò rí i bó ṣe máa rí? Wọ́n á ní ò ń jowú ọmọ tí o lè bí."

"Ta ló ń jowú?"

Lókè, ẹsẹ̀ Ìyàwó ń kan pákó, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń kọrin. Ìyá Jẹ́jẹ́ mọ ìrìn náà. Ìrìn ẹni tó ń yan aṣọ tó máa wọ̀ ni.

Méjì méjì ni tíṣà ọkọ̀ ń kọ́ wọn, nítorí mọ́tò rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ọ̀kan bá ń wà á, èkejì á jókòó sẹ́yìn, á máa wò, lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n á pààrọ̀. Tíṣà sanra, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀, ó sì ní bíréèkì tirẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó jókòó sí. Bọ́ọ̀lù àná ló máa ń rò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù ti ń ba Ìyá Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mọ́tò náà. Bí alùpùpù bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á ṣe "hùn." Bí ọmọdé bá dúró létí títì, "hùn." Kì í mọ ìgbà tó ń ṣe é. Tíṣà ti bi í léèrè nígbà kan pé, "Màmá, ṣé ọ̀fun ń yún yín ni?" Ó ní, "Rárá o, ẹ̀rù ni." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, tíṣà sì padà sídìí bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ní Sátidé yẹn, Ìyá Jẹ́jẹ́ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹnu dídì. Kì í ṣe pé ó pinnu rẹ̀. Ó ń wo ọrùn Ìyàwó níwájú rẹ̀, irun tuntun tí wọ́n dì wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, irun ìdánwò. Ọmọ yìí ti di irun kí ọjọ́ tó pé. Ohun tó dì í lọ́fun nípọn débi pé ẹ̀rù gan-an kò rí ọ̀nà gbà jáde.

Wọ́n dé ìyànà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Ìyàwó tan iná pé òun fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Ó rọra, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan. Orí rẹ̀ kò yí. Ojú rẹ̀ kò lọ sí èjìká. Ó kàn dúró, ó tẹ́tí, ó sì yí ọwọ́.

Ẹsẹ̀ tíṣà ló gbà wọ́n. Mọ́tò náà fò sókè, ó dúró gbọn-in, ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ kan sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ṣé ojú yín fọ́ ni?" ni ọkùnrin náà wí. Kò dúró gbọ́ èsì.

"Ẹ̀rù ìdánwò nìyẹn," ni tíṣà wí, ó ń nu ojú. "Gbogbo wọn ló máa ń ṣe. Wo dígí, wo èjìká, kí o tó yà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti sọ ọ́?"

Ìyàwó mí kanlẹ̀. Ó wo dígí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ló ń wò nínú rẹ̀, Ìyá Jẹ́jẹ́ ni. "Ìyálé mi, ṣé ara yín ò yá ni? Ẹ dákẹ́ jù lónìí."

"Ara mi yá."

Ó ti yé e. Fún oṣù mẹ́ta, ọmọ yìí kò wo ẹ̀yìn rí. Hùn ló ń gbọ́ tó fi ń dúró. Bí kò bá gbọ́ hùn, á yà. Ojú mi ló fi ń wakọ̀, ni Ìyá Jẹ́jẹ́ ń sọ nínú ara rẹ̀. Ojú mi ló fẹ́ fi gba ọkọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó yẹ kó sọ fún tíṣà nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Tíṣà á ní kó dákẹ́ lẹ́yìn, kí Ìyàwó máa yí orí fún ara rẹ̀, wọ́n á ṣe é ní ìgbà ogún, ọgbọ̀n, ó parí. Ó la ẹnu. Ìyàwó sì wí fún tíṣà pé, "Tí wọ́n bá fún mi lọ́kọ̀ yẹn, tíṣà, màá gbé yín lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́." Ìyá Jẹ́jẹ́ pa ẹnu dé.

Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ó dé ìdí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì, ó padà. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n di aṣọ ibùsùn mú, wọ́n rìn pàdé ara wọn, ìka kan ìka.

"Ìyàwó."

"Ìyálé mi?"

Ojú wọn pàdé. Ọ̀gá Obìnrin ń kọjá lọ, ó fọwọ́ kan Ìyàwó léjìká. "Awakọ̀ wa," ni Ọ̀gá wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Fà á kó le," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sọ ọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jiyàn. Àbí ta ló ní kó má wo ẹ̀yìn? Tíṣà ò sọ fún un ni? Bó bá kùnà, àyè á ṣí, bóyá wọ́n á tún pè, lọ́tẹ̀ yìí fóònù á wà ní àyà òun náà. Ṣé èmi ni mo bí i ni? Ó ń sọ ọ́, ó ń lọ aṣọ, ooru ń fẹ́ sí i lójú.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Ìyàwó sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde kíákíá.

"Ìyálé mi, nǹkan kan ni mo wá bẹ̀ yín. Wọn kì í jẹ́ kí tíṣà wọ mọ́tò nígbà ìdánwò. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ará ilé ẹni kan lè jókòó sẹ́yìn, bí kò bá ṣáà ti sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi jókòó. Ara mi máa ń balẹ̀ bí mo bá ń gbúròó yín."

"Ṣé o ò ní wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ò ní sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe náà ni. Ṣé hùn yẹn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń wo ojú ìyálé rẹ̀ bóyá ẹ̀rín náà á ràn án.

Àṣé Ìyàwó mọ̀ pé hùn ni òun ń dúró dè. Ọmọ náà mọ̀.

"Mo gbọ́," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Màá bá ọ lọ."

Ó lè kọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, orí ń fọ́ mi, ohunkóhun. Kò kọ̀, torí ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín yẹn bá kúrò lójú Ìyàwó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Kò dára, ṣùgbọ́n òun nìyẹn.

Olùdánwò tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé pákó ìkọ̀wé lé orúnkún, wọ́n fi okùn so bírò mọ́ ọn. Kò rẹ́rìn-ín, kò lejú.

"Ẹni tó wà lẹ́yìn, ẹ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ kò gbọdọ̀ nawọ́, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan awakọ̀."

"Mo ti gbọ́, sà."

Wọ́n jáde kúrò nínú ọgbà. Ní ìyànà àkọ́kọ́, Ìyàwó tan iná, ó rọra, ó tẹ́tí. Ìyá Jẹ́jẹ́ fi eyín di ètè. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wọn, Ìyàwó yà, kò sì sí nǹkan kan. Ní ìyànà kejì, ojú Ìyàwó bọ́ sínú dígí, ó ń wá a. Kí ló dé? ni ojú náà ń wí. Ó dúró pẹ́ títí olùdánwò fi bi í pé, "Kí ni ẹ ń dúró dè?" Ó ní, "Kò sí, sà," ó yà, bírò sì kọ nǹkan kúkúrú. Òógùn ń sàn lọ́rùn Ìyàwó, ó ń gba àárín irun tuntun náà lọ.

Ìyànà kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ìwé kan. Ìyá Jẹ́jẹ́ ti rí ọkùnrin kan kí wọ́n tó débẹ̀. Ó ń gun kẹ̀kẹ́, ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan sẹ́yìn, ọmọ náà gbé àpò ìwé kọ́yìn, àpò náà tóbi ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni wọ́n ti ń bọ̀, wọn kò yára, wọn kò rọra. Ìyàwó tan iná. Ó rọra. Orí rẹ̀ kò yí.

Hùn kan péré ti tó. Ó ti wà lọ́fun. Bó bá ṣe é, Ìyàwó á dúró, kẹ̀kẹ́ á kọjá, olùdánwò á kọ dáadáa sílẹ̀. Tó bá di òpin oṣù, Ìyàwó nìkan ló máa wà nínú ọkọ̀ ilé ìfọṣọ, aṣọ ibùsùn nìkan ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ ibùsùn kì í sì í ṣe hùn. Bí kò bá ṣe é, ọmọ tó gbé àpò kọ́yìn yẹn ńkọ́? Ẹ má rò pé ó jókòó, ó to gbogbo èyí lẹ́sẹẹsẹ. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún ló ti fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, kò sì sí àyè tí kò tíì dé nínú rẹ̀.

"Dúró," ni ó wí. "Ìyàwó, dúró. Dúró."

Kò mọ̀ pé òun ní irú ohùn yẹn. Bírò bọ́ lọ́wọ́ olùdánwò. Ìyàwó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà kọjá níwájú wọn, ó súnmọ́ débi pé wọ́n rí okùn bàtà ọmọ náà tó tú. Ọmọ náà wẹ̀yìn, ó wò wọ́n, kò mọ ohun tó ń wò.

"Ẹ gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì," ni olùdánwò wí. Nígbà tí wọ́n dúró tán, ó fi okùn fa bírò rẹ̀ padà. "Ọ̀nà méjì ló wà nínú òfin wa. Bó bá jẹ́ pé ohùn ẹni ẹ̀yìn ló da awakọ̀ láàmú, màá fagi lé ìdánwò yìí, awakọ̀ ò jẹ̀bi, á tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ pé awakọ̀ kò rí kẹ̀kẹ́ yẹn, ó ti kùnà, á padà sí ẹ̀yìn ìlà. Arábìnrin, ṣé ẹ rí kẹ̀kẹ́?"

"Mo rí i, sà," ni Ìyàwó wí kíákíá. "Mo ti fẹ́ dúró. Igbe wọn ló já mi láyà."

"Màmá, kí ló mú yín pariwo?"

Ojú Ìyàwó wà nínú dígí. Ó rọrùn láti dáhùn. Kó kàn ní, ẹ̀rù ló bà mí, sà, bí mo ṣe rí nìyẹn, ẹ bi ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ wa. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, ilé á tòrò. Ìyàwó á tún ìdánwò ṣe, á sì gba ọkọ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ ohunkóhun nípa ìlara.

"Kò rí i, sà," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Kì í wo ẹ̀yìn. Èmi ni mo máa ń wò ó fún un. Bí nǹkan bá ń bọ̀, mo máa ń fi ọ̀fun ṣe hùn, òun a sì dúró. Lónìí, mi ò ṣe é."

Olùdánwò yíjú wo ẹ̀yìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wò ó pẹ́. "Ṣé ẹ̀yin náà wà lórí ìlà ìdánwò?"

"Mo wà níbẹ̀, sà. Oṣù mẹ́rìnlá."

"Mo rí i." Ó kọjú síwájú. "Bóyá inú rere lẹ fi sọ ọ́, bóyá inú mìíràn ni, kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù mi. Arábìnrin, ẹ kùnà. Ẹ wà á padà, jẹ́jẹ́."

Tíṣà ń jẹ ẹ̀pà lábẹ́ igi nínú ọgbà nígbà tí wọ́n wọlé. Olùdánwò lọ tirẹ̀. Ìyàwó bọ́ sílẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn.

"Inú yín ti dùn báyìí," ni ó wí. Ó ń sunkún. "Ẹ lọ sọ fún wọn nílé. Ẹ sọ fún Ọ̀gá. Ẹ ti dá mi dúró."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni tíṣà wí.

"Ẹ bi ìyálé mi. Hùn kan ṣoṣo ni. Hùn tí wọ́n máa ń ṣe. Wọn ò ṣe é, wọ́n ké mọ́ mi lórí bí ẹni tí mo fẹ́ pa, wọ́n wá lọ ń rojọ́ mi fún olùdánwò."

"Hùn wo?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ ló ṣàlàyé rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní ṣókí, ó ń wo ilẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni tíṣà ń jókòó díẹ̀díẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta," ni tíṣà wí. "Mo wà níbẹ̀, mo ń ro bọ́ọ̀lù." Ó ronú. "Nígbà tó fẹ́ gbá ọkùnrin yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, ẹ ò ṣe hùn lọ́jọ́ yẹn."

"Mi ò ṣe é."

"Ẹ ti mọ̀ láti Sátidé nìyẹn."

Ó lè ní, rárá, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Tíṣà á gbà á. Ojú tíṣà gan-an ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀ láti Sátidé."

Ẹkún Ìyàwó dáwọ́ dúró. Ó nu imú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Sátidé," ni ó wí. "A jọ ká aṣọ lọ́jọ́ Ajé. A jọ ká a lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ká a lánàá. Mo kúnlẹ̀ fún yín nínú yàrá yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ká ní ẹ sọ fún mi, ǹ bá ti kọ́ ọ. Ọjọ́ márùn-ún tó mi láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí orí."

"Ó tó ọ."

"Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbàgbé," ni tíṣà wí. "Iṣẹ́ yín le. Àgbà náà ń gbàgbé nǹkan."

"Mi ò gbàgbé, tíṣà," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Láti Sátidé tó ń bọ̀, ẹ máa fún un ní wákàtí tèmi mọ́ tirẹ̀, títí orí rẹ̀ á fi máa yí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ẹ má sì fi mí jókòó sẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ọjọ́ tiyín ńkọ́? Wọ́n lè tún pè."

"Bí wọ́n bá pè, wọ́n pè."

Tíṣà wo ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Alùpùpù kan kọjá lójú títì, gbogbo wọn yíjú wò ó, Ìyàwó náà yíjú. Ó sì padà wo ìyálé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, kò sí ìbínú púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́, ìyẹn gan-an ló burú jù.

"Ẹ dá mi lóhùn ẹyọ kan. Bí kì í bá ṣe ti ọkọ̀ ilé ìfọṣọ, ṣé ẹ̀ bá ti sọ fún mi ní Sátidé?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ mọ èsì rẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n kí ìbéèrè tó dé. Ó tún gèlè rẹ̀ dì, bẹ́ẹ̀ gèlè náà kò tú.

"Ohun tí mo lè fi ẹnu mi sọ ni mo ti sọ," ni ó wí. "Má bi mí ní èyí tó kù."

"Ìyálé mi."

Ìyàwó dúró, tíṣà dúró, oòrùn ń pa wọ́n lórí. Nígbà tó pẹ́, Ìyàwó gbé àpò rẹ̀, ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ. Kò la ẹnu.